Ẹ̀rọ Ínsúlíìnì: Kí Á Tó Ra Ẹ̀rọ, Kí Á Kọ́kọ́ Ṣírò Oúnjẹ Ẹ̀rọ

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó tàbí owó ìpín, ṣùgbọ́n ó lè kan àpò ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ àìsàn àtọ̀gbẹ ni, pàápàá irú rẹ̀ tí ó sábà máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, tí wọ́n ń pè ní irú kìíní. Ó sì tún kan ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fún aláìsàn náà ní oògùn ínsúlíìnì tọ̀sán-tòru, láìjẹ́ pé à ń gún un lábẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà.

Kí ló gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí dé Òkè-Oyì? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n lókè òkun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ tí ń yẹ oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn wò fún ìjọba fọwọ́ sí i ní Oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé kí ilé ìwòsàn ìjọba máa fún púpọ̀ nínú àwọn tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní ní ẹ̀rọ yìí, pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ kejì tí ń wọn ṣúgà ara. Láti Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi í sí ètò ọdún márùn-ún. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá délé, ìyá tí ọmọ tirẹ̀ ń gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ níhìn-ín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé: ṣé kí n ta ilẹ̀ ni? Àbí kí n yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́?

Ẹ jẹ́ kí á dáhùn ní kúkúrú ká tó tú u palẹ̀. Ẹ̀rọ náà dára, iṣẹ́ rẹ̀ sì hàn. Ṣùgbọ́n kì í wo àìsàn náà sàn, bẹ́ẹ̀ ni owó tí a fi rà á kọ́ ni ìnáwó tó le jù. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ lóṣooṣù ló le jù. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ láìmọ ibi tí oúnjẹ rẹ̀ yóò ti máa wá lè fi ọmọ sínú ewu ju ti ìgbà tó ń gba abẹ́rẹ́ lọ.

KÍ NI ÀRÙN YÌÍ GAN-AN?

Nínú ara gbogbo wa, ẹ̀yà kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí ń ṣe ínsúlíìnì. Ínsúlíìnì ló dà bí kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí ilẹ̀kùn ara kí ṣúgà inú oúnjẹ lè wọlé di agbára. Bí kò bá sí kọ́kọ́rọ́, ṣúgà yóò kún inú ẹ̀jẹ̀, ara yóò sì máa kú fún ebi. Ó dà bí ìgbà tí èrò pọ̀ lójú ọjà tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì.

Àtọ̀gbẹ tí a mọ̀ mọ́ àwọn àgbàlagbà wa, èyí tó pọ̀ jù, ni irú kejì. Nínú ìyẹn, ínsúlíìnì wà ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Oògùn ẹnu àti ìṣọ́ra nípa oúnjẹ lè ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ti irú kìíní yàtọ̀. Ara fúnra rẹ̀ ló ba ibi tí ínsúlíìnì ti ń jáde jẹ́. Kì í ṣe pé ọmọ náà jẹ ṣúgà jù, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan ṣe é, kì í sì í ràn. Láti ọjọ́ náà lọ, ínsúlíìnì láti ìta ni yóò máa gbé e ró títí ayé.

Ẹ kíyè sí àmì wọ̀nyí lára ọmọ: ó ń mu omi láìdákẹ́, ó ń tọ̀ ní gbogbo ìgbà, ọmọ tó ti jáwọ́ ìtọ̀ lórí ẹní sì tún bẹ̀rẹ̀, ó ń jẹun ṣùgbọ́n ó ń rù, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá wá ń bì, tí inú ń run ún, tí ó ń mí gúlegúle, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, tí oorun àìlera sì ń gbé e lọ, ọ̀ràn ti dé ojú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé máa ń pè é ní ibà. Ẹ má dúró dọjọ́ kejì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan láti ẹnu ìka ni, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan. Àwa ará Òkè-Oyì kò jìnnà sí ìrànlọ́wọ́: Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ìlọrin wà ní Òkè-Ose, lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, nínú ìjọba ìbílẹ̀ tiwa yìí.

IBI TÍ ÍNSÚLÍÌNÌ TI WÁ

Kó tó di ọdún 1922, ọmọ tó bá ní àrùn yìí kì í sábà pẹ́ láyé. Ní ọdún 1921, Frederick Banting àti Charles Best bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, pẹ̀lú J. J. R. Macleod àti James Collip. Ní Oṣù Kìíní ọdún 1922, wọ́n gún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan, Leonard Thompson, ní ínsúlíìnì. Èyí àkọ́kọ́ kò mọ́ tó; nígbà tí Collip fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa, wọ́n tún gún un, ṣúgà rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbọ́ èyí: ní ọdún 1923, Banting, Best àti Collip ta ẹ̀tọ́ ìmọ̀ náà fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan kan. Wọn kò fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo dá a dì mọ́wọ́ kó máa fi ẹ̀mí èèyàn jẹ èrè. Síbẹ̀ títí di òní, ọ̀pọ̀ òbí ní ilẹ̀ wa ló ṣì ń wá owó ínsúlíìnì kiri. Láti òkè òkun ni à ń gbé èyí tí à ń lò wá. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ láti Oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó oògùn gòkè. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni Sanofi, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ínsúlíìnì, kéde pé àwọn kò ní máa fọwọ́ ara àwọn ta ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé alágbàtà ni yóò máa tà á. Ẹ mọ ohun tó máa ń dé bá ọjà tí alágbàtà bá wọ àárín rẹ̀.

BÁWO NI Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́?

Ẹ̀rọ ínsúlíìnì kò tuntun bí a ṣe rò. Láàárín ọdún 1960 sí 1964, Arnold Kadish ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀kan tí a ní láti gbé pọ̀n sẹ́yìn bí àpò. Ní ọdún 1978, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ìròyìn nípa èyí tó kéré, tí ń fi ínsúlíìnì sábẹ́ awọ díẹ̀díẹ̀. Ti òde òní kò ju páálí ìṣáná ńlá lọ. A lè fi í há bẹ́líìtì. Òmíràn wà tí kò ní okùn rọ́bà, tí a ń lẹ̀ mọ́ ara.

Nínú ẹ̀rọ náà ni ìgò kékeré ínsúlíìnì wà. Rọ́bà tín-ín-rín kan jáde láti ibẹ̀ lọ sábẹ́ awọ ikùn, itan tàbí ìdí. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Èkíní, ó ń kán díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo wákàtí, àní bí ọmọ bá sùn, gẹ́gẹ́ bí ara tó le ṣe máa ń ṣe é fúnra rẹ̀. Èkejì, bí ọmọ bá fẹ́ jẹun, yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò sọ ìwọ̀n oúnjẹ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì tú èyí tó tó oúnjẹ náà jáde. Èyí tí wọ́n ń pín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní àtẹ̀mọ́ kan lára awọ tí ń wọn ṣúgà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, tó sì ń ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ pé kó dín in kù tàbí kó fi kún un. Síbẹ̀, ọmọ ènìyàn ṣì ni yóò sọ fún un pé oúnjẹ ń bọ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

Kò sí ibi tí a ti ń gbé ẹ̀rọ yìí látinú páálí gbé e sára ọmọ lójijì. Dókítà yóò kọ́kọ́ wo iye ínsúlíìnì tí ọmọ ń gbà lóòjọ́, yóò sì ti ibẹ̀ ṣírò iye tí ẹ̀rọ yóò máa kán. Òbí àti ọmọ yóò kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́rin ṣáájú.

Èkíní ni kíka ìwọ̀n oúnjẹ. Èbà, àmàlà, tùwó, ìrẹsì, iṣu àti búrẹ́dì ni ṣúgà ń ti inú wọn jáde jù. Ẹyin, ẹja àti ẹran kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Ilé tí ń lo ìgbákọ kan náà lójoojúmọ́ yóò tètè mọ ìwọ̀n.

Èkejì ni wíwọn ṣúgà: ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, títí kan òru.

Ẹ̀kẹta ni pípààrọ̀ rọ́bà àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́, kí ojú ibẹ̀ má baà dégbò.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ínsúlíìnì tí ń tètè ṣiṣẹ́ nìkan ló wà nínú ẹ̀rọ. Ẹni tí ń gba abẹ́rẹ́ ní ínsúlíìnì tó pẹ́ lára, tó lè ràn án lọ́wọ́ fún bí ọjọ́ kan. Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ kò ní ìpamọ́ kankan lára. Bí rọ́bà bá ká, bí bátìrì bá kú, bí ìgò bá gbẹ, láàárín wákàtí díẹ̀ ni ewu èébì àti mímí gúlegúle tí a sọ lókè lè bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní abẹ́rẹ́ àti ínsúlíìnì nílé ní ìpamọ́, kó sì mọ bí a ṣe ń gún un. Bí ṣúgà bá kọjá 250 lórí ẹ̀rọ ìwọn, tí ẹ̀rọ fi kún un tí kò sì wálẹ̀, abẹ́rẹ́ ni kí á gún, kí á sì pààrọ̀ rọ́bà.

Kí á tún mọ ìdàkejì rẹ̀. Bí ínsúlíìnì bá pọ̀ ju oúnjẹ lọ, yálà nípa ẹ̀rọ tàbí nípa abẹ́rẹ́, ṣúgà yóò wálẹ̀ jù. Ọmọ yóò máa gbọ̀n, yóò máa làágùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò máa dàrú. Bí ó bá wà lábẹ́ 70, ẹ fún un ní ṣúgà onígun mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí bí ìdajì ìgò mínírà, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ó bá ti dákú, ẹ má da nǹkankan sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e digbadigba lọ sí ọsibítù.

OÚNJẸ Ẹ̀RỌ

Ìlọrin ni wá, ìlú ẹlẹ́ṣin. Ẹni tó ra ẹṣin mọ̀ pé owó ẹṣin kọ́ ni òpin ìnáwó. Koríko àti ọkà bàbà ń bẹ níwájú. Ẹni tó ra ẹ̀rọ ìlọta láìní owó dísù ti ra irin lásán. Ẹ mú bírò, kí á jọ ṣírò ohun tí ẹ̀rọ ínsúlíìnì ń jẹ lóṣù kan:

Rọ́bà àti abẹ́rẹ́ rẹ̀: mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Ìgò inú ẹ̀rọ: iye kan náà.
Pépà ìwọn ṣúgà: 120 ó kéré tán, bí à ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́.
Ínsúlíìnì: ìgò oní-mílílítà mẹ́wàá ní ìwọ̀n 1,000. Ọmọ tí ń gba 30 lóòjọ́ yóò lo 900 lóṣù, ìgò kan nìyẹn. Ẹni tí ń gba 40 yóò lo 1,200, ìgò kejì ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.
Bátìrì, tàbí iná láti fi gba agbára sí i.
Abẹ́rẹ́ àti ínsúlíìnì ìpamọ́.

Ẹ lọ bèèrè iye ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ apoògùn, kí ẹ sọ ọ́ di ti oṣù méjìlá. Rọ́bà ẹ̀rọ kan kì í bá ẹ̀rọ mìíràn mu nígbà púpọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ni a óò máa rà á lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ̀gbọ́n bá fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni yóò máa fi rọ́bà ránṣẹ́ lóṣooṣù? Bó bá bàjẹ́, ta ni yóò pààrọ̀ rẹ̀ fún wa níhìn-ín? Dókítà wo níbí ló mọ irú rẹ̀, tí yóò tò ó fún ọmọ? Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ní ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣì wà nínú páálí.

ABẸ́RẸ́ KÌ Í ṢE ÌYÀ

Kí òbí tí kò lágbára ẹ̀rọ má banú jẹ́. Láti ọdún 1983 sí 1993, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà lórí ènìyàn 1,441 tó ní irú kìíní. Apá kan gba ìtọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Apá kejì ṣọ́ ṣúgà wọn lójú méjèèjì, àwọn kan pẹ̀lú ẹ̀rọ, àwọn kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Láàárín àwọn tí ojú wọn kò tíì ní àbùkù, àwọn tó ṣọ́ra yìí fi ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún dín ewu àrùn ojú kù. Kíndìnrín àti iṣan wọn náà jèrè. Ìṣọ́ra ló ṣe é. Ẹ̀rọ àti abẹ́rẹ́, irinṣẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Ohun tí ń pa ọmọ ni kí ínsúlíìnì dáwọ́ dúró. Ẹ má dá a dúró nítorí pé ọmọ kò jẹun tàbí pé ó ń ṣàìsàn. Ẹ bi dókítà iye tí ẹ ó fún un. Ẹ má dá a dúró nítorí àgbo; kò sí àgbo kan tó lè rọ́pò ínsúlíìnì nínú irú kìíní. Bí ààwẹ̀ Ramadan bá ń bọ̀, ẹ rí dókítà ṣáájú oṣù náà, kí ẹ sì rántí pé ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn.

BÍ A ṢE LÈ PA Á MỌ́ NÍNÚ OORU WA

Ínsúlíìnì tí a kò tíì ṣí, inú fíríìjì ni ààyè rẹ̀, kì í ṣe ibi tí omi ti ń di yìnyín. Èyí tó bá ti dì, ẹ dà á nù. Èyí tí à ń lò lọ́wọ́ lè wà níta ní ibi tó tutù fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Médecins Sans Frontières àti Yunifásítì Geneva gbé ìròyìn jáde láti àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Kenya: ínsúlíìnì tó wà nínú ooru tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín 25 sí 37 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò pàdánù agbára rẹ̀.

Ẹni tí iná kì í dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ lè lo ìkòkò. Mohammed Bah Abba ní Ìpínlẹ̀ Jigawa gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí ìkòkò méjì tó kì bọ ara wọn, tí iyanrìn tútù wà láàárín wọn, tó fi ń tọ́jú tòmátì àti ẹ̀fọ́ àwọn ọlọ́jà. Irú ìkòkò amọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dín ooru kù fún ínsúlíìnì pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ fi oògùn sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ sì gbé ìkòkò síbi òjìji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Nígbà ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Nígbà òjò, agbára rẹ̀ ń dín kù. Ẹ má fi ínsúlíìnì sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn, ẹ má sì gbé e sórí igbá ọjà.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ní ọdún 2007, ètò ìlera adójútòfò bẹ̀rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní Shonga nínú ìpínlẹ̀ wa yìí: kálukú san díẹ̀, ẹni tó bá ṣàìsàn rí ìtọ́jú gbà. Kí ni ìyẹn yàtọ̀ sí èésú tiwa? Ìpínlẹ̀ Kwara ti ní àjọ tirẹ̀ fún irú ètò bẹ́ẹ̀ báyìí. Kí òbí tí ọ̀ràn kàn lọ bèèrè ohun tí ètò náà ń san àti ohun tí kì í san.

Ìmọ̀ràn wa fún ìgbìmọ̀ àti fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan rèé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá yá owó ńlá láti ra ẹ̀rọ, kí akápò kọ́kọ́ bi í nípa ìṣírò oṣù méjìlá tí a kọ sókè yìí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá sì ní ọmọ tó ń gba ínsúlíìnì, kí á má dúró di ọjọ́ tí ìgò yóò gbẹ. Ẹ̀yáwó kékeré, kíákíá, tí a fi sọ́tọ̀ fún ínsúlíìnì àti pépà ìwọn nìkan, kò ní wọ ẹgbẹ́ lọ́rùn. Bí òbí mẹ́rin márùn-ún bá sì jọ rà á pọ̀ lọ́wọ́ apoògùn tó ní ìwé àṣẹ, wọ́n lè ná an dáadáa, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ná ajílẹ̀ àti gàrí. Kí wọ́n ṣáà wo ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ lára páálí, kí wọ́n sì rí i pé inú fíríìjì ló ti jáde.

Bó pẹ́ bó yá, ẹ̀rọ yìí yóò pọ̀ nílẹ̀ wa, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Ọmọ tó bá ń rí ínsúlíìnì rẹ̀ gbà lójoojúmọ́ láti ìsinsìnyí ni yóò wà níbẹ̀ láti lò ó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ ka ìwé yìí fún ẹni tí kò lè kà á nílé yín, pàápàá ibi tí a ti sọ nípa àmì àrùn náà, kí á tó tún pàdé lóṣù tó ń bọ̀.